Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ọta Tí Dáì Àtijọ́ Wà Fún, Pàápàá Ọta Àdáṣe

Lẹ́yìn Ojúde Ọba ni ìpè máa ń pọ̀ jù. Àwọn ọmọ á ti Èkó àti òkè òkun dé, wọ́n á ṣí yàrá bàbá tó ti lọ, wọ́n á bá àpótí irin lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo fọ́tò yìí. Irin rìbìtì ni, ó ní eyín lára, ihò wà láàárín rẹ̀, wọ́n tẹ nọ́ńbà sí i lórí. Ṣé ti ọkọ̀ ni àbí ti ẹ̀rọ ìránṣọ?" Ìjẹ̀bú-Igbó ni ti ìkẹyìn ti wá, èyí tó ṣáájú rẹ̀ ti Ìpẹ́rù wá. Ó ti rẹ̀ mí láti máa dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Dáì ọta ìbọn ni. Lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, ọdẹ tó mọ owó rẹ̀ í ṣọ́ kì í ju kòròfo ọta nù lẹ́yìn tó bá yìn ín tán. Inú dáì ló ń tì í bọ̀ kó lè padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Àwọn bàbá wa kan tó gbé Amẹ́ríkà bá wọn ṣe é, wọ́n sì kó irinṣẹ́ náà bọ̀ wálé.

Dáì tí ọta rẹ̀ wà lórí àtẹ ní ilé ìtajà kò ní wàhálà. Ọta àdáṣe ló ń da orí rú, èyí tí wọ́n ń pè ní wildcat: ẹnì kan mú kòròfo tí ilé iṣẹ́ ńlá ṣe, ó fún ọrùn rẹ̀ tàbí ó fẹ èjìká rẹ̀, ó wá sọ ọ́ ní orúkọ tó wù ú. Nítorí náà, ohun tí wọ́n tẹ̀ sórí irin, ẹ gbà á bí àhesọ. Ihò inú rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Bí ọta odindi, ẹ̀tù, tàbí ike kékeré tí nǹkan pẹlẹbẹ bí orí ìṣó kún inú rẹ̀ bá wà nínú àpótí náà, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má sun ún, ẹ má dà á sí kànga, ẹ má gbé e lé ọmọdé lọ́wọ́ kó lọ jù ú sígbó. Ẹ fi àpótí náà sílẹ̀ níbi tó wà, kí ẹ sì sọ fún ọlọ́pàá.

Òfin ìbọn ilẹ̀ wa, ti 1959, kò fàyè gba aráàlú láti máa ṣe ọta fúnra rẹ̀. Bí a ṣe ń mọ orúkọ dáì ni mo ń kọ́ yín. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ọta, kó má pè mí.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Fáníà (irinṣẹ́ ìwọ̀n ẹlẹ́nu méjì) tó ń ka ínǹṣì, tó sì lè ka ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún (.001)
- Kẹrosíìnì, búrọ́ọ̀ṣì eyín àlòkù, àkísà funfun
- Fasilíìnì díẹ̀ àti òwú
- Imí ọjọ́, bíi ẹ̀kún ife tíì kékeré kan
- Agolo mílíìkì tí ẹ kò ní lò mọ́, pẹ̀lú ohun tó lè dé e lẹ́nu pinpin
- Ìwé, bírò, àti fóònù tó ní ẹ̀rọ ìṣirò

Ẹni tí kò bá ní fáníà, kó gbé dáì náà lọ bá tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin. Ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù, ibi tí àwọn mẹkáníìkì bá pọ̀ sí, tọ́nà ò ní ṣàìsí níbẹ̀. Ẹ ra mínírà tútù dání, yóò bá yín wọ̀n ọ́n láì gba owó.

Ẹ jẹ́ ká jọ fẹnu kò lórí orúkọ. Ọta ní ara bíi tèèyàn: ìdí nísàlẹ̀, ara, èjìká níbi tó ti ń sún kì, ọrùn, lẹ́yìn náà orí ọta, èyí tó ń fò jáde.

1. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ má ha á

Tú ọ̀pá àárín jáde láti òkè. Bí ìpata bá ti dè é, ẹ fi dáì sínú kẹrosíìnì di ọjọ́ kejì. Ẹ má fi pílá fún eyín ìta mọ́ra, ẹ má sì ti sàǹpépà tàbí búrọ́ọ̀ṣì onírin bọ inú ihò. Ìpata tó fẹ́lẹ́ bíi bébà lè jáde, ṣùgbọ́n ihò tí ẹ bá ti ha kò ní sọ òótọ́ mọ́.

2. Ẹ ka gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i

Ẹ fi ẹfun pa orí irin náà, kí ẹ nù ún kúrò; ẹfun tó bá kù nínú lẹ́tà á jẹ́ kó hàn. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, títí kan èyí tí kò yé yín.

RCBS, Lyman, Pacific, Herter's, Redding, C-H: orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe dáì nìyẹn. FL túmọ̀ sí pé gbogbo ara kòròfo ni dáì náà ń fún. SEATER ni èyí tó ń gbé orí ọta jókòó. FORM ni èyí tí wọ́n fi ń yí kòròfo kan padà sí òmíràn. Nọ́ńbà méjì tó dá dúró lára dáì RCBS, bíi 68 tàbí 74, ọdún tí wọ́n ṣe é ni, kì í ṣe ìwọ̀n ọta. Àwọn kan ti pè mí pé àwọn ní dáì ọta 74!

Bí ẹ bá rí IMP tàbí AI, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí ẹ ń lọ. IMP ni "improved", ìyẹn kòròfo tí wọ́n fẹ ara rẹ̀ kó lè gba ẹ̀tù sí i. AI ni Ackley Improved, iṣẹ́ P. O. Ackley, ẹni tó sọ èjìká oníwọ̀n dígíìrì 40 di ìlú mọ̀ọ́ká. K-HORNET ni ti Lysle Kilbourn. OKH jẹ́ orúkọ àwọn mẹ́ta: O'Neil, Keith, Hopkins. Orúkọ tí kò bá jọ ti ẹnikẹ́ni tó gbajúmọ̀ lè jẹ́ ti ẹni tó san owó dáì.

Ẹ ṣọ́ra fún ọta àdáṣe tí ilé iṣẹ́ ti gbà ṣọmọ. Àwọn èèyàn ti ń ṣe ọta tó ń jẹ́ 25-06 fúnra wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Remington, ilé iṣẹ́ ọta ní Amẹ́ríkà, tó gbé e jáde ní 1969. Bẹ́ẹ̀ náà ni 22-250, tí wọ́n gbé jáde ní 1965, àti 35 Whelen ní 1988. Dáì tó dàgbà ju ọdún wọ̀nyẹn lọ lè máa jẹ́ orúkọ mìíràn fún ohun tó ti di ọjà gbogbo ayé.

3. Ẹ wo eyín ìta

Èyí tó wọ́pọ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 7/8, eyín 14 ló wà nínú ínǹṣì kan. Bí ó bá kéré gan-an, tó jẹ́ 5/8 pẹ̀lú eyín 30, ti irinṣẹ́ ọlọ́wọ́ Lyman 310 ni. Ọrùn nìkan ni irú dáì yẹn ń fún, kò ní sọ ohunkóhun fún yín nípa ara.

4. Ẹ mọ èyí tó jẹ́ olórí nínú wọn

Dáì méjì ló máa ń jókòó pọ̀ nínú páálí kan. Èyí tí ọ̀pá rẹ̀ ní bọ́ọ̀lù kékeré àti abẹ́rẹ́ lẹ́nu ni ẹ ń wá. Èyí tí ọ̀pá rẹ̀ ní ojú kòtò bí ife, SEATER ni. Ihò tirẹ̀ tú díẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ á máa ju ti òótọ́ lọ. Bí òun nìkan ló bá kù, ẹ lò ó, àmọ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun lẹ lò.

Bí ẹ bá bá dáì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n kọ FORM 1, FORM 2 sí, ẹ má yọ̀ jù. Ìdajì ọ̀nà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tó bá wọn FORM 1 tó sì ń wá ọta tó bá a mu, ọta tí kò sí láyé ló ń wá.

5. Bọ́ọ̀lù ọrùn: ẹ̀rí tó rọrùn jù

Ẹ fi fáníà wọn ibi tí bọ́ọ̀lù náà ti fẹ̀ jù. Ó máa ń fi ìdá 1 tàbí 2 nínú ẹgbẹ̀rún ínǹṣì kéré sí orí ọta.

- .223: orí ọta .224, ìdílé 22
- .242: .243, ìdílé 6 mm
- .256: .257, ìdílé 25
- .263: .264, ìdílé 6.5 mm
- .276: .277, ìdílé 270
- .283: .284, ìdílé 7 mm
- .307: .308, ìdílé 30
- .337: .338
- .357: .358, ìdílé 35

Bọ́ọ̀lù ṣeé pààrọ̀ o. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ lè ti yọ ti inú dáì mìíràn fi síbẹ̀. Ọrùn inú dáì tí ẹ máa wọ̀n níwájú ló máa jẹ́ kí ẹ mọ̀: ó yẹ kó fi nǹkan bíi .020 ju bọ́ọ̀lù lọ, ó lè lé díẹ̀. Bí àlàfo náà bá jẹ́ .050, ẹnì kan ti pààrọ̀ rẹ̀.

6. Ẹ da imí ọjọ́ sínú rẹ̀

Ibí ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ẹnu fáníà kò lè dé èjìká nínú ihò, àfi ká da nǹkan sínú rẹ̀, kó gan, ká fà á yọ, ká wọn èyí tó jáde.

Ọ̀dọ̀ lẹ́kulẹ́ja lẹ ti máa rí imí ọjọ́. Ọjà Òkè-Ajé ni mo ti ń ra tèmi. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní èyí tó jẹ́ òkúta, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti lọ̀ pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn. Ẹ lè gbọ́ pé àwọn kan ń fi káńfọ̀ sí i. Káńfọ̀ ọjà wa, tí a ń fi sáàárín aṣọ, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sọ. Ẹ fi sílẹ̀.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, ní ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Èéfín imí ọjọ́ ń fún ọ̀fun. Ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ kó má sún mọ́ ọn. Bí ó bá gbiná, iná rẹ̀ á jẹ́ búlúù, ẹ lè má tètè rí i lọ́sàn-án. Ẹ dé agolo náà pa. Ẹ má bu omi lù ú.

1. Ẹ fi dáì sínú oòrùn kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Imí ọjọ́ tó bá bá irin tútù pàdé á gan kó tó dé ìsàlẹ̀.
2. Ẹ fi òwú tó ní fasilíìnì pa inú ihò, kó fẹ́lẹ́ bí òróró orí awọ. Èyí tó bá nípọn á wọ inú ìwọ̀n yín.
3. Ẹ dojú dáì dé, kí ẹnu gbòòrò tí kòròfo ń gbà wọlé wà lókè. Ẹ fi òwú dí ihò ọ̀pá nísàlẹ̀, kí òwú náà kọjá ibi tí ọrùn parí sí.
4. Ẹ yọ́ imí ọjọ́ lórí iná kékeré. Ní nǹkan bíi dígíìrì 115 Sẹ́síọ́ọ̀sì ló ń yọ́, á sì ṣàn bí òróró, àwọ̀ rẹ̀ á mọ́ bí oyin tuntun. Bí ó bá di àwọ̀ ilẹ̀, tó ń fà bí ẹ̀kọ gbígbóná, iná ti pọ̀ jù. Ẹ gbé e sọ̀, kí ẹ dúró títí yóò fi padà ṣàn.
5. Ẹ dà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láì dúró lágbedeméjì, kó kún dé ẹnu.
6. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ wá fi igi tín-ín-rín tì í láti ẹ̀yìn, lọ́wọ́ ọrùn. Á yọ gba ẹnu gbòòrò jáde.

Ó máa ń fọ́ lọ́rùn nígbà àkọ́kọ́. Tèmi fọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ yọ́ ọ padà, kí ẹ tún un dà.

*Ẹni tí kò bá fẹ́ imí ọjọ́:* irin kan wà tí wọ́n ń tà lókè òkun, Cerrosafe, tó ń yọ́ láàárín dígíìrì 70 sí 88, ìyẹn ni pé omi gbígbóná lásán á yọ́ ọ. Ó dára jù ú lọ lójú tèmi, ṣùgbọ́n ó ní àkókò tirẹ̀: á kọ́kọ́ sún kì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á sì padà sí ìwọ̀n ihò gan-an ní wákàtí kan lẹ́yìn tí ẹ dà á. Wákàtí yẹn ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Bó bá di ọ̀la, ó ti ń wú sí i. Òjé àti cadmium wà nínú rẹ̀, nítorí náà ìkòkò ọbẹ̀ kọ́ ni ẹ máa lò.

*Àbẹ́là ńkọ́?* Àbẹ́là ń sún kì púpọ̀. Ẹ lè fi wo bí èjìká ṣe rí, ẹ má wọ̀n ọ́n.

7. Ẹ wọ̀n ọ́n

Ẹ má fi fáníà fún un, ó ń fọ́ bíi bisikíìtì. Ẹ wọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta:

- Ara lẹ́bàá ìdí
- Èjìká, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì
- Ọrùn, níbi tó ti kúrò lára èjìká
- Gígùn láti ẹnu dáì dé ìbẹ̀rẹ̀ èjìká
- Gígùn èjìká fúnra rẹ̀

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ níbí. Èkíní: ẹnu dáì fẹ̀ díẹ̀ kí kòròfo lè rí ọ̀nà wọlé. Ẹni tó bá wọn ìdí ní etí gan-an á ka ohun tó ju òótọ́ lọ. Ẹ gòkè ní .075 kí ẹ tó wọ̀n.

Èkejì ló burú jù: kòròfo kì í wọ inú dáì tán. Irin tó di ìdí rẹ̀ mú lórí ẹ̀rọ gba .125 ínǹṣì lọ́wọ́ dáì. Ẹ gbọ́dọ̀ fi .125 kún gbogbo gígùn tí ẹ bá wọ̀n láti ẹnu dáì. Ẹni tó bá gbàgbé èyí á máa bá ọta kúkúrú kan kiri tí kò ní rí láéláé.

8. Ẹ ṣírò èjìká

Ẹ yọ ọrùn kúrò lára èjìká, kí ẹ pín in sí méjì, kí ẹ wá fi gígùn èjìká pín in. Nọ́ńbà tó bá jáde:

- .31 tàbí .32: dígíìrì 17 àbọ̀, èjìká ọta 30-06
- .36: 20, èjìká 308
- .42: 23, èjìká 222 àti 223
- .50: 26 àbọ̀, èjìká 250 Savage
- .53: 28, èjìká 22-250
- .70: 35
- .84: 40, ìyẹn Ackley

Bí èjìká bá tẹ̀ roboto lókè àti nísàlẹ̀, tí kò ní igun, ìdílé ọta Weatherby, ilé iṣẹ́ ìbọn kan ní Amẹ́ríkà, lẹ wà, ẹ fi ìṣírò sílẹ̀.

9. Ẹ wá ìyá rẹ̀

Ọta àdáṣe kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ó ní kòròfo tó bí i. Ìdí ni ẹ fi ń mọ ìyá, torí pé ìdí ni wọn kì í sábà yí padà. Ohun tí ẹ bá wọ̀n á fi ìdá díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún dín sí ìwọ̀nyí, nítorí pé dáì ń fún kòròfo mọ́ra ni.

- .299: 22 Hornet
- .376: 222, 223
- .421: 30-30
- .445: 220 Swift
- .457 sí .460: 30-40 Krag, 303 ti Gẹ̀ẹ́sì
- .470: 30-06, 308, 7x57, 257 Roberts, 250 Savage
- .500: 284 Winchester
- .513: 300 H&H àti àwọn onígbànú
- .553: 348 Winchester

Onígbànú kò ṣòro í mọ̀: òrùka kan á yọ gbọ̀ọ̀rọ̀ lẹ́nu imí ọjọ́ yín, tó fẹ̀ tó .532.

Agbo .470 ni èrò pọ̀ sí jù, ẹ fi gígùn yà wọ́n sọ́tọ̀. Láti ìdí dé èjìká, 250 Savage jẹ́ nǹkan bíi 1.51, 308 jẹ́ 1.56, 7x57 jẹ́ 1.73, 30-06 jẹ́ 1.95. Èyí tí wọ́n bá fẹ èjìká rẹ̀ á gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. SAAMI, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìwọ̀n ọta ní Amẹ́ríkà, gbé àwòrán àwọn ìyá wọ̀nyí sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ tún tú ìsàlẹ̀ àpótí wò. Bí ẹ bá rí irin pẹlẹbẹ kan tó ní ẹnu bíi lẹ́tà U, òun ló ń di ìdí kòròfo mú. Lọ́dọ̀ RCBS, nọ́ńbà 3 ni ti agbo 30-06, 4 ti onígbànú, 10 ti 223, 12 ti Hornet. Ilé iṣẹ́ mìíràn ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ má kó wọn pọ̀.

Èyí tó dójú tì mí

Àǹtí kan gbé dáì ọkọ wọn wá láti Ọdọ̀gbólú. Wọ́n tẹ 25-06 sí i gbàgàdà. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, mo ní, "Àǹtí, 25-06 ni, kò sí àríyànjiyàn." Wọ́n tà á sókè òkun. Ẹni tó rà á dá a padà, ó ní kòròfo tó jáde nínú rẹ̀ kò jọ ohun tí a sọ. Owó ìfìránṣẹ́ lọ, ó bọ̀, èmi ni mo san án.

Ìgbà yẹn ni mo tó da imí ọjọ́ sí i. Ìdí .469. Bọ́ọ̀lù .256. Èjìká .452, bẹ́ẹ̀ .441 ló pọ̀ jù tí 25-06 lásán yẹ kó ní. Ọrùn .279, gígùn èjìká .103. .452 yọ .279 ku .173, ìdajì rẹ̀ .0865, ẹ fi .103 pín in, .84. Gígùn láti ẹnu dáì dé èjìká 1.96, mo fi .125 kún un, ó di 2.085.

Ìyá rẹ̀ ni 30-06, orí ọta rẹ̀ ni 25, èjìká rẹ̀ ni 40: 25-06 Ackley Improved. Ẹnì kan ti gbẹ́ ihò dáì náà gbòòrò, kò sì pa orúkọ àtijọ́ rẹ́. Àǹtí náà rí i tà lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé ìkọ́kọrẹ́ fún mi: "Kò sí àríyànjiyàn."

Bí ẹ bá máa béèrè lọ́wọ́ mi

Ẹ má fi fọ́tò nìkan ránṣẹ́ mọ́. Ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí sí i:

- Gbogbo lẹ́tà àti nọ́ńbà orí irin, bó ṣe wà
- Ìwọ̀n bọ́ọ̀lù
- Ìdí, èjìká, ọrùn
- Gígùn méjèèjì, kí ẹ sọ bóyá ẹ ti fi .125 kún un
- Ohun tí ẹ dà sínú rẹ̀, àti dáì wo nínú páálí ni ẹ lò
- Fọ́tò imí ọjọ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáníà, nínú oòrùn, kì í ṣe lálẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì

Páálí àti bébà tó bá wà pẹ̀lú dáì, ẹ má jù ú nù, bó tilẹ̀ ti ya. Ẹ pa ihò àti ara irin náà ní òróró ẹ̀rọ, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ sì gbé e sókè kúrò nílẹ̀, kí àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù má bàa fi kíló gbà á lọ́wọ́ ọmọ ọ̀dọ̀.